Kayé Aláwọ̀ Búlúù Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Dúpẹ́, Olùtọ́jú Ewúrẹ́ Ìjọ

Ìyá Dúpẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún, Àjọkẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ẹ ti lọ, n kò sì tíì sọ ohun tó yẹ kí n sọ lójú yín. Kí n tó kí yín pé ó dìgbà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ kò pa ewúrẹ́ ìjọ. Èmi ni mo pàṣẹ tó pa wọ́n, èmi náà ni mo sì jókòó tí wọ́n fi ikú wọn kọ́ yín lọ́rùn. Ọdún méjìlá ni mo fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi, ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìsìnkú yìí dání, ẹ má bínú pé kì í ṣe ìyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Dúpẹ́, àkọ́bí olóògbé, ló wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlú Douala yìí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ ṣòro fún un. Ó ní, "Papa Docteur, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé fún Maman. Yorùbá gidi o, pas comme le mien, kì í ṣe irú tèmi." Ó fi Yorùbá ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù." Mo ní mo gbọ́. Ọmọ náà kò mọ ẹni tí òun ń bẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ̀ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lé lórí, gbóná, inú fu, àyà fu ni àwa ará Nàìjíríà fi ń gbé ìlú yìí. Bí ènìyàn bá ti àdúgbò Bépanda ń lọ sí Bonanjo, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, ó lè pàdé jandáámù, ọlọ́pàá ológun ibí, ní ìgbà mẹ́ta lọ́nà, kí olúkúlùkù wọn sì na ọwọ́ fún carte de séjour, káàdì tó fún àjèjì láyè láti máa gbé ìlú. Àkókò yẹn ni àwọn ìyá kan sá kúrò ní abúlé apẹja létí òkun, wọ́n gbé ọmọ jòjòló dé ọ̀dọ̀ ìjọ wa. Ìbẹ̀rù àti ebi ti fa ọmú ẹlòmíràn gbẹ nínú wọn. Ìjọ bá ra ewúrẹ́ mẹ́jọ, irú èyí tí ọmú rẹ̀ máa ń kún, kí a lè máa se wàrà fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n fi mí ṣe dókítà ẹran, nítorí iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Wọ́n fi Ìyá Dúpẹ́ ṣe olùtọ́jú, nítorí pé àárín ewúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nílé baba rẹ̀, àti nítorí pé, ká sọ òótọ́, kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ máa gbá ìgbẹ́ ẹran.

Ìyá Dúpẹ́, mo rántí yín bí ẹ ṣe máa ń ti Youpwè dé, níbi tí ẹ ti ń yan ẹja tà, tí èéfín á ti rin aṣọ yín gbingbin. Ewúrẹ́ á ti gbóòórùn yín kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ọgbà, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Sùúrù. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyá Ìbejì. Èyí tó máa ń gbé orí sókè rìn bí ìyàwó pẹrẹfẹ́, ọ̀gá ìjọba ní Bonanjo, ẹ pè é ní Madámù Pẹrẹfẹ́, ẹ sì máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Madámù, ṣé a jí ire? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bá yín fọ ọmú lónìí o, òórùn ẹja wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ ra kayé kan, bí a ṣe ń pe ìwé ọmọ ilé-ìwé níhìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Ìwé mẹ́fà ni ẹ kà, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé yín mọ́ ju tèmi lọ. Ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún, ẹ ka oṣù márùn-ún síwájú, ẹ kọ ọjọ́ tó yẹ kó bímọ. Ọjọ́ tó bá yáàrùn, ẹ ó ya òbìrípo kékeré kan fún un. Ọjọ́ tí kò bá rí oòrùn, ẹ ó fa ìlà dúdú. Mo bi yín nígbà kan pé kí ni gbogbo òbìrípo yìí wà fún. Ẹ ní, "Dókítà, èmi ò mọ ìwé. Ohun tí mo rí nílé bàbá mi ni pé ewúrẹ́ tó bá lóyún nínú òkùnkùn kì í lè dìde tán tó bá bímọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Bí ewúrẹ́ wa bá ń jẹ káàkiri àdúgbò, tí ọ̀kan bá lọ jẹ ewébẹ̀ aládùúgbò, ìjà lè ṣẹlẹ̀, jandáámù á dé, wọ́n á béèrè káàdì lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n bi mí pé kí ni ṣíṣe. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹran sínú yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá olórùlé páànù tó ní fèrèsé kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lanu sọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Dókítà, márùn-ún nínú wọn ló lóyún."

Mo ní, "Ìyá, kálísíọ̀mù ni wọ́n nílò, òun ni egungun fi ń le. Ẹ máa kó ìkarawun akàn àti egungun ẹja wá láti Youpwè, ẹ gún un kúnná, ẹ fi sí oúnjẹ wọn. Kò sí ohun tí yóò ṣe wọ́n."

Ẹ gún un, ìyá. Apá yín wú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí àdúgbò tó kún, ẹ ṣì ń so ewúrẹ́ lókùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ń mú wọn jáde sí àgbàlá kí wọ́n lè yáàrùn. Méjì nínú àwọn aboyún, àwọn tí oyún wọn ti pọ̀ jù, ni ẹ kọ́kọ́ ń mú jáde. Mo ká yín mọ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pariwo mọ́ yín níwájú àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé gbogbo wa kúrò nílùú ni? Ẹ má mú wọn jáde mọ́!" Ẹ wò mí. Ẹ ní, "Mo ti gbọ́, Dókítà." Ẹ fa okùn, ẹ mú ẹran wọlé.

Ohun tí mo kọ́ nílé ìwé tí mo sì gbàgbé nítorí ìgbéraga ni mo fẹ́ sọ yìí. Kálísíọ̀mù kì í dá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí oòrùn bá ràn sára ẹran, ara á fi ìtànṣán rẹ̀ ṣe ohun tí à ń pè ní fítámìn D. Ẹ̀dọ̀ á tún un ṣe, kíndìnrín á ṣe é parí, ìgbà náà ni yóò tó lọ ṣílẹ̀kùn ìfun kí kálísíọ̀mù lè wọlé. Bí oòrùn kò bá sí, ìkarawun tí ẹ gún títí apá yín fi wú á kàn gba ẹnu wọlé, á gba ìdí jáde ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí oyún bá ń sún mọ́ ìbí, egungun àwọn ọmọ inú ń le, ara ìyá ni wọ́n ti ń fà á. Bí wọ́n bá wá bí wọn tán tí wàrà sọ̀, ohun tí wàrà ń kó lọ lóòjọ́ kan ju èyí tí oyún ń kó lọ. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ kan wà lọ́rùn ẹran tó máa ń ké sí egungun nígbà náà pé kó yọ̀ǹda nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun ẹran tí kò rí oòrùn kì í tètè dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ á gbẹ́kẹ̀ lé ìfun, ìfun á ti ilẹ̀kùn. Á yíjú sí egungun, egungun á dákẹ́.

Ẹ̀yin ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ ní, "Ìyá ní í jẹ egungun ara rẹ̀ kí ọmọ tó lè dìde."

Ẹ tún máa ń la ẹnu fi àlàfo eyín yín hàn wá. "Èyí ni Dúpẹ́ jẹ. Èyí ni Káyọ̀dé jẹ. Àwọn ìbejì ló pín èyí jẹ, ojúkòkòrò!" A ó rẹ́rìn-ín títí. Ìwé sọ pé oyún kì í jẹ eyín, egungun ni ara máa ń yá lò. N kò jẹ́ sọ ọ́ fún yín láé. Ó kéré tán, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Òjò Douala bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ òjò wa. Oṣù á ti oṣù lẹ́yìn, ojú ọ̀run á dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn méjì tó ti yáàrùn tẹ́lẹ̀ bímọ, wọ́n dìde, wàrà wọn sọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Sùúrù bí ọmọ méjì. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, etí rẹ̀ tutù, ó dùbúlẹ̀, ó ṣẹ́ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọkàn ara rẹ̀. Mo wà ní Bonanjo lọ́jọ́ náà, nítorí ìwé ìgbélùú mi. Kí n tó dé, ó ti kú. Ìyá Ìbejì náà kú lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé májèlé ni. Nígbà tí Madámù Pẹrẹfẹ́ ṣubú, mo wà nítòsí. Ìgò abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi abíyá mú ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rọra ń fi abẹ́rẹ́ tì í sí iṣan ọrùn ẹran náà. Ẹ gbé orí rẹ̀ lé itan, ẹ ń sọ fún un pé, "Madámù, ẹ dìde, àwọn àlejò wà níta." Ó gbọ̀n, ó gùnfẹ̀, ó tọ̀, ó sì dìde dúró.

Ẹ gbójú sókè wò mí. Ẹ ní, "Dókítà, májèlé wo ló ń gbọ́ràn sí abẹ́rẹ́ egungun lẹ́nu?"

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ òtítọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ lónìí pé n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lẹ́yìn ìsìn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi kayé lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ẹ bá mi fi hàn wọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n á ní, kí ni ẹlẹ́ja mọ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, wọ́n á gbọ́." Mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Àwọn òbìrípo ti tán níbẹ̀, ìlà dúdú ló kún un, ẹ sì kọ ọ́ síwájú wọn gàdàgbà pé: *Dókítà ní kí n má mú wọn jáde mọ́.*

Ìyá Dúpẹ́, ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló fẹ́ kọ lẹ́tà tí mo máa mú lọ sí Bonanjo, pé ènìyàn gidi ni mí, pé iṣẹ́ mi dára. Láìsí lẹ́tà náà, káàdì mi kò ní jáde. Mo ti kayé bọ inú báàgì. Alága bi mí pé, "Dókítà, kí ló pa ẹran wa?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ egungun ẹja tí wọ́n ń jẹ. A ò mọ ohun tó wà lára ẹja Youpwè."

Egungun tí èmi fúnra mi ní kí ẹ gún! Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Mo ti wí i! Ewúrẹ́ ń jẹ ẹja, ológbò ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ yíjú sí mi, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Dókítà, ṣé ẹ ò ní nǹkan kan láti fi hàn wọ́n?"

Báàgì wà láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ní, "Rárá, ìyá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn obìnrin ìjọ kò ra ẹja yín mọ́. Wọ́n ní ẹja tó pa ewúrẹ́, kí ni kò lè pa? Bí ẹ bá se oúnjẹ wá sí ìpàdé, abọ́ yín á kún lọ, á kún bọ̀. Ẹ kúrò lórí àga tí ẹ ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí ti ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé. Èmi gba lẹ́tà mi. Káàdì dé, àwòrán mi wà lára rẹ̀. N kò lè wo àwòrán náà lójú títí di òní.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ Madámù Pẹrẹfẹ́, wọ́n ní kò ní pẹ́ kú. Ẹ bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún yín. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín ní Bépanda, ẹ sì ń fi okùn fà á yáàrùn láràárọ̀ lójú gbogbo ayé, bí jandáámù wà níbẹ̀, bí kò sí. Àwọn aládùúgbò sọ yín ní Mama Chèvre, ìyá ewúrẹ́. Bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé Madámù sùn dáadáa, ẹ ó ní ó sùn ju ọkọ wọn lọ, kì í hanrun. Ó bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin sí i. Kò ṣubú mọ́.

Ní àkókò náà, ìyàwó mi ti padà sí Nàìjíríà. Ó ní òun ò lè fi ìbẹ̀rù jandáámù darúgbó. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, mo ní mò ń bọ̀, títí ìpè fi dín kù. Yàrá kan, àwo kan, ṣíbí kan. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kan ilẹ̀kùn mi láìní ohun tó fẹ́ gbà. Ẹ̀yin ni. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó gbé ìgò wàrà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó rí bàtà wọ̀, ẹ ti kọjá lọ. Ẹ kò wọlé rí. Mò ń mu wàrà náà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ béèrè. A pàdé lọ́nà. Ẹ ní, "Dókítà, kayé mi dà?"

Mo ní, "Mo ṣì ń kà á, ìyá."

Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ kà á dáadáa o."

Ó di ọjọ́ tí mo wá bẹ̀ yín wò lórí àìsàn. Ẹ ti rù, ẹ̀yìn yín ti tẹ̀, ẹ kéré lórí ibùsùn. Ẹ ti rí mi kí n tó jókòó. Ẹ ní, "Ẹ ti kà á tán?" Dúpẹ́ wà níbẹ̀, ó rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, n kò jẹ́wọ́. Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ẹ ní, "Ẹ má kánjú. Èmi ò lọ síbì kan." Lọ́jọ́ kẹta lẹ lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo wọ bàtà sílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Oòrùn yọ, ó ga. Kò sẹ́ni tó kàn án.

Ohun kan tún wà tí mo mọ̀ nípa ìyá ẹran, tí n kò sọ fún yín. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, tí ìyá bá ń jẹun tó sì ń rí oòrùn, ara rẹ̀ máa ń dá ohun tó yá lọ́wọ́ egungun padà. Díẹ̀díẹ̀ ni, láìsí ariwo, títí egungun yóò fi tún le. Ara ewúrẹ́ mọ ohun tí èmi ọ̀mọ̀wé kò mọ̀. Mo gba orúkọ rere yín, mo fi í ró ara mi dúró, n kò sì dá a padà títí ẹni tó ni ín fi lọ.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìpàdé yẹn tí ẹ ṣì wà láàyè, mo bẹ̀ yín, ẹ ka kayé náà. Ẹ wo òbìrípo àwọn tó dìde, ẹ wo ìlà dúdú àwọn tó kú. Lábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn, ibi tí ìyá kọ ọ́ sí pé dókítà ní kí òun má mú wọn jáde mọ́, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tèmi sí i: *Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Dúpẹ́ ló tọ́.* Mo fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi sí àga ẹ̀yìn, mo ti mọ ibẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni.

Mo ti bẹ àwọn tó máa gbé pósí pé bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n dúró díẹ̀ ní àgbàlá, níbi tí ẹ ti ń mú àwọn ewúrẹ́ yáàrùn, kí oòrùn lè ràn sí yín lára kí wọ́n tó gbé yín lọ. Ibẹ̀ ni n ó ti na kayé náà sí Dúpẹ́. Dúpẹ́, ọmọ mi, bí o kò bá lè ka Yorùbá inú rẹ̀, wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ Sátidé. Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. N ó kà á fún ọ láti ewé kìn-ín-ní títí dé èyí tó kẹ́yìn, n kò sì ní fo ọ̀kan.

Ìyá Dúpẹ́, mo ti kà á tán. Ẹ sùn re lójú oòrùn o. Kayé yín rèé.